Kọ̀ǹpútà Tí Kò Gbọ́ Yorùbá

Kò sí kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a kì í ti í rí ọmọ tí ìwé kíkà ń dà láàmú. Bí olùkọ́ bá ní kí ó dìde kàwé, orí rẹ̀ a wolẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì bú sẹ́rìn-ín. Olódo ni wọ́n ń pè é. Bẹ́ẹ̀, ọmọ yìí kan náà lè pàlọ́ láìṣi gbólóhùn kan sọ. Ṣé ìwé ni ó wá ṣòro fún un ni, tàbí èdè tí wọ́n fi kọ ìwé náà?

Ìbéèrè yìí ni àwọn tó ń pariwo pé kí ìjọba ra kọ̀ǹpútà sí ilé ẹ̀kọ́ kì í dáhùn. Kò sẹ́ni tó ní ẹ̀rọ náà kò wúlò. Nínú GraphoGame, eré ìkọ́wèé tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Jyväskylä ní Finland ṣe, ọmọ yóò gbọ́ ìró kan, yóò sì mú lẹ́tà tó bá a mu nínú àwọn tó ń jábọ̀ lójú ẹ̀rọ. Bí ó bá ṣì í, ẹ̀rọ á tún un pè. Kì í bínú, kì í gbé pàṣán, kì í pe ẹnikẹ́ni ní olódo. Àǹfààní ńlá nìyẹn fún ọmọ tí ìtìjú ti pa lẹ́nu mọ́.

Ṣùgbọ́n èdè wo ni ẹ̀rọ yóò fi pè é? Bí ó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà a kan náà yóò dún lọ́tọ̀ nínú cat, lọ́tọ̀ nínú cake, lọ́tọ̀ nínú call. Ọmọ tí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nílé yóò máa tẹ ẹ̀rọ bí ẹni ń ta ayò nínú òkùnkùn. Ní ti Yorùbá, lẹ́tà 25 péré ni, ìró ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í sì í sábà yẹ̀. Àmì ohùn ni ó gba ìfarabalẹ̀: ọkọ tó gbé ìyàwó, ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko, ọkọ̀ tó ń gbé èrò, ọ̀kọ̀ tí jagunjagun jù. Iṣẹ́ tó yẹ ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyí, bí wọ́n bá kọ́kọ́ kọ́ ọ ní Yorùbá.

Ní Zambia, èdè Cinyanja ni wọ́n fi ṣe GraphoGame fún àwọn ọmọ Lusaka. Ibi tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti jọ lò ó ni ó ti so èso jù. Ẹ̀rọ kò lè mọ̀ pé ebi ń pa ọmọ, tàbí pé ojú ń dùn ún. Olùkọ́ ni yóò mọ̀.

Àwọn kan yóò ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣèdánwò. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ gbogbo, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn; wọ́n ta ẹgbẹ́ wọn yọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Síbẹ̀, ìlànà ẹ̀kọ́ ní èdè abínibí tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022, wọ́n fagi lé e ní 2025.

Kí àwọn tó fẹ́ náwó lórí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ náwó lórí ohun tí kọ̀ǹpútà yóò sọ. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.