Bíbéèrè Owó Ọ̀yà Kì í Ṣe Àfojúdi

Ọ̀ràn tí mo fẹ́ mú wá síwájú ẹ̀yin olùkà wa ní oṣù yìí lè kéré lójú ẹni tí ó ti rí iṣẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n kò kéré rárá lójú àwọn ọmọ tí a ń kọ́ ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èyí ni ọ̀ràn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí àwọn báńkì, àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò, àwọn tí ń ta ilẹ̀, àti àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá mìíràn máa ń ṣe fún ẹni tí ó bá fẹ́ bá wọn tajà. Ohun tí mo ní láti sọ kò ju ẹyọ kan lọ: kò yẹ kí ọmọ wa kankan dìde kúrò níwájú ẹni tí ń fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò láìmọ iye owó ọ̀yà rẹ̀ àti ọ̀nà tí a óò gbà san án fún un.

Ìlú ẹ̀kọ́ ni ìlú méjèèjì yìí. Ní ọdún 1896 ni a gbé ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ wá sí Ọ̀yọ́, èyí tí a mọ̀ sí St. Andrew's, ní ọdún 1898 ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Yunifásítì Ladoke Akintola tẹ̀ lé e ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1990, Yunifásítì Ajayi Crowther sì tẹ̀ lé e ní Ọ̀yọ́ ní 2005. Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ ń jáde pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ kì í sáábà dúró dè wọ́n. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ tí ìjọba kò gbà á, ẹni tí ó kọ́ nípa ohun ọ̀gbìn tí kò ní owó tí yóò fi dáko, àti ẹni tí ó kọ́ ìmọ̀ ìṣirò, ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ti ń pàdé: ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ tí ń wá ẹni tí yóò bá a tajà. Oyè tí a ń fi wọ́n jẹ níbẹ̀ dùn létí, ó sì pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará ọjà ti sọ gbogbo rẹ̀ di orúkọ kan: máàkẹ́tà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti máa ń rí, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó ti jáde lọ́wọ́ wa ti ń padà wá ròyìn. Ìpè a dé sórí fóònù ní alẹ́ pé kí ọmọ wá sí Ìbàdàn tàbí Èkó ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Yóò yá kóòtù, yóò yá owó ọkọ̀. Ẹni tí ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ yóò ti wà lójú ọ̀nà kí ilẹ̀ tó mọ́, lórí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ tí ó ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà tí ó bá débẹ̀, yóò bá ọ̀wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ìjókòó, wọn yóò sì jókòó títí oòrùn yóò fi kàn tàrí. Bí ó bá kàn án, ọ̀gá a na bíírò kan sí i pé, "Ta èyí fún mi." Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè gidi tó dé: Ta ni o mọ̀ tí ó ní owó? Mílíọ̀nù mélòó ni o lè mú wá láàárín oṣù mẹ́ta? Àwọn mìíràn a tilẹ̀ fi ìwé lé e lọ́wọ́ pé kí ó kọ orúkọ àwọn ẹbí rẹ̀ tí ó rí jájẹ sí i, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn.

Ní ìgbẹ̀yìn, ọ̀gá náà a béèrè pé, "Ǹjẹ́ ìwọ fúnra rẹ ní ìbéèrè kankan?" Ẹ̀yin ará, níbí yìí ni gbogbo ọ̀ràn náà wà. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa yóò tẹrí ba, yóò sì dáhùn pé, "Rárá, sà. Ẹ ṣeun, sà." Ó rò pé òun bọ̀wọ̀ fún àgbà. Kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí a ṣí fún òun ni òun fi ọwọ́ ara òun tì yẹn.

Kí ni ó fà á tí ìbéèrè nípa ẹbí olówó fi gbòde tó bẹ́ẹ̀? Ní oṣù Keje ọdún 2004, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé kí gbogbo báńkì sọ owó ìpìlẹ̀ wọn di bílíọ̀nù 25 náírà, láti orí bílíọ̀nù 2, kí ọdún 2005 tó parí. Báńkì 89 ni ó wà nígbà náà. 25 ni ó kù lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí ó kù di ńlá, wọ́n ṣí ẹ̀ka káàkiri, wọ́n sì ń bá ara wọn du owó àwọn ènìyàn. Ọrùn àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n sì gbé ẹrù wíwá owó náà kọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ tún jáde: bílíọ̀nù 500 fún báńkì tí ń ṣòwò dé òkè òkun, pẹ̀lú gbèdéke 31 oṣù Kẹta 2026. Nítorí náà, ọmọ tí ó rò pé ọgbọ́n òun ni a ń dán wò, àpò àwọn ìbátan rẹ̀ ni a ń wọ̀n. Bí ọmọ ahunṣọ ní Ọ̀yọ́ kò bá rí iṣẹ́ náà gbà, kí ó má ṣe pe ara rẹ̀ ní òmùgọ̀. Bóyá ẹbí rẹ̀ ni kò lówó.

Ọmọbìnrin kan tí ó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ròyìn fún mi pé wọn kò dárúkọ iye owó fún òun ní ọjọ́ náà. Wọ́n kàn wí pé owó náà yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní oṣù kìíní àti èkejì, owó wọlé. Ní oṣù kẹta ni ó tó mọ̀ pé bí òun kò bá kó iye tí a dá lé òun lórí wá, ìdajì owó ni òun yóò gbà. Ní oṣù kẹfà, wọ́n ní kí ó máa lọ sílé. Kí iye náà baà lè pé, ó ti mú owó tí ìyá rẹ̀ fi ń ra èlùbọ́ tà lọ́jà, ó sì ti kó o sínú àpò ìfowópamọ́ bí ẹni pé ti oníbàárà ni. Èmi kò ní sọ ohun tí àwọn ọmọbìnrin mìíràn ń bá pàdé nínú ọ́fíìsì àwọn olówó tí a rán wọn sí; ẹni tí ó bí ọmọbìnrin mọ ohun tí mo ń wí.

Ẹlòmíràn lè wí pé òfin yóò gbà wọ́n. Òtítọ́ ni pé òfin owó ọ̀yà tí ó kéré jù lọ wà. Ní 2019, 30,000 náírà lóṣù ni. Ní oṣù Keje ọdún 2024, a sọ ọ́ di 70,000 náírà. Ṣùgbọ́n òfin kan náà yọ àwọn kan sílẹ̀. Lára àwọn tí ó yọ sílẹ̀ ni òṣìṣẹ́ tí a ń san kọ́míṣọ̀n fún, èyíinì ni ẹni tí owó rẹ̀ dúró lórí iye ọjà tí ó bá tà. Ó sì tún yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ẹ rí i báyìí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bóyá owó oṣù ni tàbí kọ́míṣọ̀n, lè ya ẹni tí ó wà lábẹ́ òrùlé òfin sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí òjò ń pa. Àdàpè olè ni ń jẹ́ ọmọ ń fẹ́wọ́. A lè pe ènìyàn ní aṣojú, a lè pè é ní olùdámọ̀ràn, a lè tẹ orúkọ rẹ̀ sórí káàdì. Bí kò bá mọ ọ̀nà tí owó rẹ̀ ń gbà wọlé, kò tíì mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo kórìíra kọ́míṣọ̀n, tàbí pé àṣà òyìnbó ni mo pè é. Aláròóbọ̀ ti wà ní ọjà Akẹ̀sán kí báńkì tó dé Ọ̀yọ́. Ẹni tí ó ni ọjà a dá iye lé e, aláròóbọ̀ a gbé e lọ tà, èyí tí ó bá lé lórí iye náà a sì di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: kí aláròóbọ̀ tó fi ọwọ́ kan ẹrù náà ni wọ́n ti jọ sọ iye. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ṣòwò dé Tamale àti àwọn ìlú Ghana mìíràn, títí ìjọba Busia fi lé àwọn àlejò jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969. Ọmọ ẹbí ni wọ́n mú dání láti kọ́ ní òwò. Ọmọ náà sìn wọ́n, ṣùgbọ́n ó ní ìrètí kan tí kò fara sin: pé bí ìgbà bá tó, òun yóò rí ohun tí òun yóò fi dá dúró.

Àní ìwọ̀fà pàápàá! Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ìjọ ní Ọ̀yọ́ tí ó sì kú ní 1901, ṣe àlàyé ìwọ̀fà nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ ìlú ni, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ iye owó tí a yá, ó mọ̀ pé iṣẹ́ òun ni ó dúró fún èlé, ó sì mọ̀ pé ọjọ́ tí a bá san owó náà ni òun bọ́. Ǹjẹ́ kò ha ti ni lójú pé ìwọ̀fà ayé àtijọ́ mọ àdéhùn rẹ̀ ju ọmọ tí ó gba oyè ní yunifásítì lọ?

Àwọn kan yóò wí pé ọmọ tí ó bá béèrè owó kí ó tó ṣiṣẹ́, olójúkòkòrò ni. Wọn yóò tún wí pé ẹgbẹ̀rún mìíràn tí kò ní béèrè wà lẹ́yìn rẹ̀. Òdodo kékeré wà nínú èkejì yìí. A kò gbàgbé ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2014, nígbà tí ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ tí ó ti san 1,000 náírà ẹnìkọ̀ọ̀kan lọ ṣe ìdánwò iṣẹ́ Ímígíréṣọ̀n, tí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ sì pa àwọn kan nínú wọn ní Àbújá àti ní àwọn ìlú mìíràn. Ibi tí ebi àìríṣẹ́ṣe bá pọ̀ dé báyìí, ẹni tí ń wá iṣẹ́ kò lè máa ṣàṣàyàn. Ṣùgbọ́n bíbéèrè kì í ṣe kíkọ̀. Ẹni tí ó béèrè lè gba iṣẹ́ náà bí owó rẹ̀ tilẹ̀ kéré. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ojú rẹ̀ là nígbà tí ó gbà á. Ní ti ojúkòkòrò, kí a padà sínú Ìwé Mímọ́. Lábánì fúnra rẹ̀ ni ó bi Jákọ́bù léèrè ohun tí owó ọ̀yà rẹ̀ yóò jẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìbátan rẹ̀. Jákọ́bù sì sọ ohun tí ó fẹ́, kò sí ẹni tí ó bá a wí. Síbẹ̀, Jákọ́bù ráhùn níkẹyìn pé a ti pa owó ọ̀yà òun dà nígbà mẹ́wàá. Bí ó bá rí báyìí fún ẹni tí ó ṣe àdéhùn, báwo ni yóò ti rí fún ẹni tí kò ṣe rárá?

Ohun mìíràn tún wà tí ó kan ẹgbẹ́ wa gan-an. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń dán àwọn ọmọ wò, ṣùgbọ́n èdè Yorùbá ni wọn óò fi tajà ní Akẹ̀sán àti ní ọjà Jagun. Ẹni tí ó mọ bí a ti í kí ìyá aláṣọ, tí ó mọ ìgbà tí a ń dúnàá-dúrà àti ìgbà tí a ń dákẹ́, a lè lé e padà nítorí pé ahọ́n rẹ̀ kọsẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí rẹ̀ tún nìyí tí ẹ̀rù fi ń bà á láti béèrè: kò mọ bí a ti í béèrè owó ní Gẹ̀ẹ́sì kí ó má baà dàbí ìjà. Ní èdè tiwa, ọ̀nà rẹ̀ ti wà: "Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀gá, mo tọrọ gáfárà. Kí n lè mọ bí n óò ti múra sí iṣẹ́ yín, mo fẹ́ kí ẹ là mí lóye lórí ọ̀rọ̀ owó ọ̀yà." Àgbà wo ni yóò bínú sí èyí? Kí ọmọ náà kọ́ bí yóò ti fi ìwà pẹ̀lẹ́ kan náà sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti borí.

Ìbéèrè mẹ́rin ni mo fẹ́ kí wọ́n mú lọ. Èkíní: ṣé owó oṣù ni, tàbí kọ́míṣọ̀n, tàbí méjèèjì, èló sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan? Èkejì: èló ni tágẹ́ẹ̀tì, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ bí n kò bá lè bá a? Ẹ̀kẹta: ta ni yóò san owó ọkọ̀ àti owó fóònù tí n óò fi máa wá oníbàárà kiri? Ẹ̀kẹrin: ṣé ilé iṣẹ́ yìí gan-an ni ó gbà mí, tàbí ẹlòmíràn tí ń bá a kó òṣìṣẹ́ jọ, nígbà wo ni n óò sì rí ìwé àdéhùn mi? Bí wọ́n bá wí pé kí ó san owó fọ́ọ̀mù, tàbí pé kí ó kọ́kọ́ ra ọjà wọn kí wọ́n tó gbà á, kí ó dìde, kí ó dágbére fún wọn. Oníbàárà ni wọ́n ń wá, kì í ṣe òṣìṣẹ́.

Mo bẹ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì ìlú wa méjèèjì pé, kí àwọn ọmọ tó jáde, kí àwa olùkọ́ jókòó bí ọ̀gá ilé iṣẹ́, kí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn bi wá ní ìbéèrè mẹ́rin yìí títí ẹ̀rù rẹ̀ yóò fi kúrò lára wọn. Mo bẹ àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ni ilé iṣẹ́, tí wọ́n sì wà lára ẹgbẹ́ yìí: ẹ kọ iye owó ọ̀yà sínú ìkéde yín, kí ọmọ ọlọ́mọ má baà yá owó ọkọ̀ lọ sí Èkó nítorí ohun tí kò lè bọ́ ọ. Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ọmọ bá ti ibẹ̀ dé, ẹ má ṣe bi í pé, "Ṣé wọ́n gbà ọ́?" nìkan. Ẹ bi í pé, "Èló ni wọ́n pè é?" Bí ó bá mọ̀ pé ẹ óò béèrè nílé, yóò béèrè níbẹ̀.

Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí Ọlọ́run là ọ̀nà fún àwọn ọmọ wa, kí Ó sì fún wọn ní ẹnu tí wọn óò fi béèrè rẹ̀.