Bí Ẹ̀rọ Èdè Ńlá Ṣe Ń Kọ́ Kékeré, àti Ipò Èdè Yorùbá Nínú Rẹ̀

Ẹ̀rọ èdè ni ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ àkọsílẹ̀ kọ́ kí ó lè lóye èdè, kí ó sì lè lò ó. Àwọn tó tóbi jù nínú wọn kọjá ohun tí fóònù lè gbé, owó àti iná mànàmáná tí wọ́n ń jẹ kò sì kéré. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń fa ìmọ̀ ẹ̀rọ ńlá lé ẹ̀rọ kékeré lọ́wọ́. Àkọsílẹ̀ tí Geoffrey Hinton, Oriol Vinyals àti Jeff Dean ṣe ní ọdún 2015 ló sọ ọ̀nà yìí di ìlúmọ̀ọ́ká.

Ẹ̀rọ ńlá ni olùkọ́, kékeré ni akẹ́kọ̀ọ́. Ká ní àlàfo wà nínú gbólóhùn yìí: “Àdùkẹ́ ra … lọ́jà.” Olùkọ́ kì í kàn pe “iṣu” ní ìdáhùn. Ó lè fún “iṣu” ní ìdá 60 nínú 100, kí ó fún “ẹ̀wà” ní 30, kí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má fún “òkè” ní nǹkan kan. Ìpín yìí ló ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ẹ̀wà sún mọ́ iṣu ju òkè lọ. Ìdáhùn kan ṣoṣo kò lè fi èyí hàn án.

Ọ̀nà náà ti so èso. Ní ọdún 2019, ilé iṣẹ́ Hugging Face gbé DistilBERT jáde. BERT, tí Google ṣe ní ọdún 2018, ni olùkọ́ rẹ̀. DistilBERT fi ìdá 40 nínú 100 kéré sí olùkọ́ rẹ̀, ó fi ìdá 60 yára jù ú lọ, síbẹ̀ ó di ìdá 97 nínú òye èdè rẹ̀ mú.

Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àṣeyọrí yẹn wà fún. Ẹni tí yóò dá aṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ Yorùbá orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kò ní àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà. Ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ èrò àti ọ̀kọ̀ jagunjagun, gbogbo wọn di “oko” kan náà níbẹ̀, wọ́n sì dàpọ̀ mọ́ oko tí à ń dá. Olùkọ́ tí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tọ́ dàgbà yóò fi ìdàrúdàpọ̀ náà jogún fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Bí ìmọ̀ ṣe ń kọjá láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí èkejì ni àṣìṣe náà ń kọjá.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. AfriBERTa, tó jáde ní ọdún 2021, kò ní olùkọ́ kankan. Àkọsílẹ̀ èdè Áfíríkà 11, tí Yorùbá wà lára wọn, ni wọ́n fi kọ́ ọ, gbogbo rẹ̀ kò sì tó gígábáìtì kan. Síbẹ̀, nínú dídá orúkọ mọ̀ àti pípín ọ̀rọ̀ sí ìsọ̀rí, ó figa gbága pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ tó tóbi jù ú lọ.

Ohun tí èyí fi hàn ni pé ẹ̀rọ kékeré wúlò gan-an fún orílẹ̀-èdè tí iná àti owó ti wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ńlá kò lè dípò àkọsílẹ̀ tó péye. Ẹni tó bá ń kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ lónìí, olùkọ́ ẹ̀rọ ọ̀la ló ń tọ́.