Kò Sí Nọ́ọ̀bù Tó Ń Mú Sípíríǹgì Rọ̀

Ẹni tó ní ọkọ̀ kan ṣoṣo ni mo ń bá wí, tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, tó tún fẹ́ fi í sáré ní pápá lọ́jọ́ Sátidé. Níbikíbi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá yà sí, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò gbọ́: "Ra coilover tó le jù lọ tí owó rẹ bá ká. Bí o bá dé pápá, yí nọ́ọ̀bù rẹ̀ le. Bí o bá ń lọ sílé, yí i rọ̀." Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Àwọn tó ń sọ ọ́ kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́, ẹnu ẹlòmíì ni wọ́n ti gbọ́ ọ, ẹlòmíì náà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń tajà. Irọ́ náà ni síbẹ̀, irọ́ olówó gọbọi.

Iṣẹ́ méjì ló wà nínú ẹsẹ̀ ọkọ̀. Sípíríǹgì ló gbé ọkọ̀ dúró. Ṣọ́ọ̀kì ló ń kó sípíríǹgì níjàánu kó má baà máa fò sókè sódò. Coilover ni méjèèjì tí wọ́n kó pọ̀ mọ́ra. Nọ́ọ̀bù kékeré orí ṣọ́ọ̀kì, tó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ bí ẹ bá ń yí i, ojú ihò tí òróró ń gbà kọjá nínú ṣọ́ọ̀kì ló ń fẹ̀ tàbí tó ń fún. Kò kan sípíríǹgì rárá. Ẹ yí i láti àárọ̀ di alẹ́, irin tí wọ́n ká yẹn kò ní rọ̀ ju bó ṣe jáde nílé iṣẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ọkọ̀ yín gbé kílò 300 lé sípíríǹgì iwájú kọ̀ọ̀kan, tó sì jẹ́ irú Golf, tí sípíríǹgì yí ṣọ́ọ̀kì ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Àwọn tó ń ta coilover máa ń kọ iye kílò tó lè tẹ sípíríǹgì wọlé ní mìlímítà kan sára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ kílò 3, ẹ fi 3 pín 300: ọkọ̀ á tẹ̀ ẹ́ wọlé ní mìlímítà 100. Ìyẹn ni pé bí táyà bá bọ́ sí kòtò, sípíríǹgì ṣì ní sẹ̀ǹtímítà 10 tó lè fi na tẹ̀lé e kó sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ kílò 10, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń fi yangàn, mìlímítà 30 péré ni. Kòtò tó bá jìn ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, sípíríǹgì yẹn ti na tán, kò ní agbára kankan mọ́ láti ti táyà sísàlẹ̀. Táyà ti di aláfẹ́fẹ́. Ẹ̀yin ẹ sì rò pé ẹ di ọ̀nà mú.

Sípíríǹgì kílò 3 á mi ọkọ̀ náà ní nǹkan bí ìgbà 1.6 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti kílò 10 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbà 3. Láàárín ìgbà 4 sí 8 sì ni gbígbọ̀n ìjókòó máa ń ni ara èèyàn lára jù lọ, láti ikùn dé àyà. Ẹ̀yin náà ti wá rí ìdí tí ìyàwó yín fi ní òun kò wọ ọkọ̀ yẹn mọ́.

Wọ́n á ní, "Ìdí nìyẹn tí a fi ń yí nọ́ọ̀bù rọ̀." Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wọn ti tàsé. Bí sípíríǹgì bá ṣe le tó ni ṣọ́ọ̀kì tó máa kó o níjàánu gbọ́dọ̀ lágbára tó. Sípíríǹgì kílò 10 ń fẹ́ ṣọ́ọ̀kì tó fi nǹkan bí ìlọ́po 1.8 lágbára ju èyí tó tó fún kílò 3. Bí ẹ bá wá yí i rọ̀, ìjánu lẹ ń tú lọ́rùn ẹṣin tó ti ń já. Ọkọ̀ á gba gegele kan, á fò, á tún fò, kò sì tíì dúró tí gegele kejì fi máa dé. Àwọn kan ń pe ìyẹn ní ìrọ̀rùn. Ijó ni.

Ní pápá ńkọ́? Ẹrù tó dúró ṣinṣin ni táyà ń fẹ́. Bí ẹrù orí rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń di ilẹ̀ mú kì í di ìlọ́po méjì, ó máa ń dín díẹ̀. Nítorí náà, táyà tí ẹrù rẹ̀ ń pọ̀ tó tún ń dín kù bó ṣe ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún ń pàdánù ju bó ṣe ń jèrè lọ. Ohun tí sípíríǹgì tó le jù ń fi táyà ṣe nìyẹn. Ẹ wo pápá eré-ìje Nordschleife ní òkè Eifel ní Jámánì, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1927, tó gùn ní kìlómítà 20.8. Ẹnikẹ́ni tó ní ọkọ̀ tí òfin gbà lójú pópó lè sanwó kó wọ̀ ọ́, òfin ìrìnnà Jámánì ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń wa ọkọ̀ wọn láti ilé, wọ́n ń sáré yí i ká, wọ́n sì ń wà á padà sílé. Ní ìsàlẹ̀ Fuchsröhre, ọkọ̀ ń já bọ́ láti òkè, ilẹ̀ sì tún gbé e sókè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní Karussell, orí kọnkéré tó ń dún gbàgbàgbà ni táyà ń gbà. Ní Pflanzgarten, táyà ń kúrò nílẹ̀. Ta ló fẹ́ gbé sẹ̀ǹtímítà 3 lọ síbẹ̀? Ẹni tó ń gbé Peckham ní London tó ń lọ sí pápá Brands Hatch ní Kent kò sì gbọ́dọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ Jámánì nìkan nìyí. Kó rántí Paddock Hill, bí ilẹ̀ ṣe ń ṣubú lọ lábẹ́ ọkọ̀ ní kọ́nà yẹn, àti bó ṣe ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀.

"Ṣebí ọkọ̀ Formula 1 le bí òkúta?" Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ ká béèrè ìdí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, afẹ́fẹ́ abẹ́ ọkọ̀ ló ń fa ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ọkọ̀ kò sì gbọdọ̀ kúrò ní ìwọ̀n gíga kan kí afẹ́fẹ́ náà tó lè ṣiṣẹ́. Wọ́n mú ẹsẹ̀ ọkọ̀ le títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máà mì mọ́. Láti ọdún 1983, òfin àwọn aláṣẹ ni pé kí abẹ́ ọkọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Nígbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ padà dé lọ́dún 2022, gbogbo wa rí Lewis Hamilton ní Baku tó di ẹ̀yìn mú bó ṣe ń rọra jáde nínú ọkọ̀. Torí afẹ́fẹ́ ni wọ́n ṣe jìyà yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa Golf, afẹ́fẹ́ wo lẹ ń tọ́jú? Colin Chapman, tó dá Lotus sílẹ̀, tó mọ eré-ìje ju gbogbo wa lọ, sípíríǹgì rírọ̀ ló fi sí Lotus Elan ti ọdún 1962, ó wá fi ṣọ́ọ̀kì tó dáa kó o níjàánu.

Mo gbà pé ọkọ̀ tó ń tẹ̀ jù ní kọ́nà kò dáa, torí ó ń mú kí táyà fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Ṣùgbọ́n iye ẹrù tó ń ṣí láti táyà inú lọ sí ti ìta kò sí lọ́wọ́ sípíríǹgì. Ìwúwo ọkọ̀, gíga rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ àti bí ẹ ṣe ń sáré gba kọ́nà ló ń pinnu rẹ̀. Ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ti òsì ni ẹ kọ́kọ́ mú lágbára bí títẹ̀ bá ń yọ yín lẹ́nu.

Ti rírẹ ọkọ̀ sílẹ̀ kò gba àríyànjiyàn púpọ̀. Ẹ rẹ̀ ẹ́ jù, ṣọ́ọ̀kì á máa gbá rọ́bà ìdíwọ́ tó wà lórí ọ̀pá rẹ̀, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á le lójijì láàárín kọ́nà, táyà á sì yọ̀. Ẹ di rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń di wáyà mọ́ ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì, ẹ wà á yí pápá ká, kí ẹ wá wo ibi tí ṣọ́ọ̀kì tì í dé. Bó bá ti rì sínú rọ́bà ìdíwọ́, ẹ gbé ọkọ̀ sókè.

Ẹ yan sípíríǹgì fún ọ̀nà tó burú jù tí ẹ ń gbà délé. Fún ọkọ̀ tí mo ṣírò lókè, kílò 4 sí 5 ti tó fún táyà ojú pópó. Orí ṣọ́ọ̀kì ni kí owó ńlá lọ. Ẹ wo coilover KW ti Jámánì: gíga nìkan ni Variant 1 ń jẹ́ kí ẹ yí padà, Variant 2 ń jẹ́ kí ẹ yí bí ṣọ́ọ̀kì ṣe ń na jáde, Variant 3 ń jẹ́ kí ẹ yí nínà jáde àti wíwọlé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ tó tún ń lọ sí pápá, ìkẹta ló ń bá wí, bí owó bá wà. Nígbà náà ni nọ́ọ̀bù á tó wúlò, torí sípíríǹgì kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀ mọ́. Ẹ yí i dé ìparí kan, ẹ máa ka kẹ́-kẹ́ rẹ̀ bí ẹ ṣe ń bọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má sì yí ju ohun kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ní Jámánì, ẹ gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn TÜV tàbí irú wọn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé kílò mélòó ni sípíríǹgì rẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn. Bó bá fi nọ́ọ̀bù dá yín lóhùn, ẹ kó owó yín padà sápò.