Kẹ̀kẹ́ Ẹrù Dà?



Ìtàn kan wà nínú Ìwé Mímọ́ tí àwa oníwàásù kì í sábà dúró lé lórí. Nígbà tí àwọn ọmọ Jékọ́bù ti Íjíbítì dé, tí wọ́n sọ fún baba wọn pé Jósẹ́fù ń bẹ láàyè, baba náà kò gbà wọ́n gbọ́. Ìgbà tí ó rí kẹ̀kẹ́ ẹrù tí Jósẹ́fù fi ránṣẹ́ láti wá kó o ni ọkàn rẹ̀ tó sọjí. Àgbàlagbà tí ìyàn ti mú ni Jékọ́bù í ṣe. Ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ ran ilé lọ́wọ́ ní tòótọ́ yóò rán ohun tí a ó fi kó ẹrù wá.

Ọ̀rọ̀ ojú irin wa ni a fẹ́ fi ìtàn yìí sọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ni a ṣí ojú irin titun láti Èkó dé Ìbàdàn, kìlómítà 157, pẹ̀lú ẹ̀ka rẹ̀ tí ó wọ èbúté Àpápá. Inú gbogbo wa dùn. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ń yin ìjókòó rẹ̀, ó ń yin atẹ́gùn tútù tí ń fẹ́ nínú rẹ̀, ó sì ń ka wákàtí tí ó fi dé ilé. Kò sí èyí tí ó burú nínú ìyìn wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n a ń tẹ́tí láti gbọ́ ìbéèrè kan lẹ́nu àwọn ìjòyè àti àwọn oníṣòwò wa, a kò gbọ́ ọ tó bí ó ti yẹ: Kẹ̀kẹ́ ẹrù dà? Irú èwo ni, mélòó sì ni? Èrò tiwa ni pé ojú irin tí a kò béèrè kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀, ọ̀ṣọ́ ìlú ni. Kò tíì di ohun tí ń bọ́ ìlú.

Kí ni ó fà á tí a kò fi béèrè? A rò pé nítorí pé a kò mọ orúkọ wọn ni. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́, a bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa léèrè nígbà kan pé kí wọ́n ka irú ọkọ̀ tí rélùwéè fi ń kó ẹrù fún wa. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni a rí gbà: “Ọkọ̀ ẹrù ni.” Bẹ́ẹ̀ sì ni èdè Yorùbá kì í ṣe èdè tí ń pe gbogbo ohun ìkẹ́rù ní orúkọ kan. A ní agbè fún ẹmu, àgò fún adìẹ, ìkòkò fún omi, apẹ̀rẹ̀ fún iṣu, àgbá fún epo. Ìyàwó ilé tí ó bá rán ọmọ ní ọjà tí kò dárúkọ ohun tí ọmọ yóò fi gbé e wá, ọmọ náà lè fi agbọ̀n gbe omi. Ẹ jẹ́ kí a ka àwọn kẹ̀kẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì fún wọn ní orúkọ tí ẹnu wa lè pè.

Èkínní ni kẹ̀kẹ́ olórùlé. Ó dàbí yàrá tí a gbé ka orí irin. Ó ní ògiri, ó ní òrùlé, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì wà ní ẹ̀gbẹ́. Ẹrù tí òjò kò gbọdọ̀ pa ni tirẹ̀: kòkó inú àpò, ẹ̀pà, iyọ̀, ṣúgà, aṣọ. Ẹni tí ó bá ta kòkó rí mọ̀ pé bí omi bá wọ inú àpò, kòkó yóò bu, owó rẹ̀ yóò sì wálẹ̀. Òrùlé kẹ̀kẹ́ yìí ni ó ń ṣọ́ owó àgbẹ̀.

Èkejì ni kẹ̀kẹ́ aláìlórùlé. Ògiri nìkan ni ó ní, láti òkè ni a sì ń da ẹrù sí i. Ohun tí òjò kò lè bàjẹ́ ni ó ń rù: èédú ilẹ̀, òkúta, iyanrìn, irin àlòkù. A rí èédú ilẹ̀ ní ìhà Enugu ní 1909; nígbà tí ojú irin so ibẹ̀ pọ̀ mọ́ Port Harcourt ní 1916 ni èédú náà tó rí ọ̀nà tààrà dé etí omi.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí a fẹ́ pè ní kẹ̀kẹ́ alárọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àrọ tí ẹlẹ́pò fi ń rọ epo sínú ìgò ti mọ bí ó ti rí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, ilẹ̀kùn sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí a bá ṣí ilẹ̀kùn náà, ẹrù yóò fi ìwúwo ara rẹ̀ tú jáde, láìsí ọkọ́, láìsí ṣọ́bìrì. Òkúta irin ni a ń fi rù. Èyí tí ó ní ìdérí ń ru àgbàdo àti símẹ́ǹtì tí a kò dì sí àpò. Nítorí òkúta irin ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Itakpe lọ sí Ajaokuta àti Warri ní 1987. Ọdún 2020 ni a tó ṣí i. Ọmọ tí a bí ní ọdún tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ti pé ẹni ọdún 33 kí ó tó parí.

Ẹ̀kẹrin ni kẹ̀kẹ́ pẹrẹsẹ. Kò ní ògiri, kò ní òrùlé. Pẹpẹ lásán ni lórí irin. Òun ni ó ń ru gẹdú, ẹ̀rọ ńlá, àti kọ́ńtẹ́nà, àpótí irin tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 20 tàbí 40. Ẹ má ṣe fojú kéré rẹ̀ nítorí pé ó wà ní ìhòòhò. Ní ayé òde òní, òun ni ó wúlò jù fún ìlú tí ó ní èbúté, nítorí pé inú kọ́ńtẹ́nà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjà ń bá dé láti òkè òkun.

Ẹ̀karùn-ún ni kẹ̀kẹ́ alágbá, àgbá irin gbọọrọ tí a dá dùbúlẹ̀. Epo pupa, epo bẹntiróòlù àti epo gáàsì ni ó ń gbé. A kì í kún un dé ẹnu, nítorí pé epo a máa wú bí ooru bá mú un. Ẹ̀kẹfà ni kẹ̀kẹ́ ẹran, tí ògiri rẹ̀ ní àlàfo kí màlúù lè rí atẹ́gùn mí. Èkeje ni kẹ̀kẹ́ olótùútù. Ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí 1878, oníṣòwò ẹran kan tí a ń pè ní Gustavus Swift ní Chicago gba onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Andrew Chase, láti ṣe irú rẹ̀ fún un, tí a ń fi yìnyín mú tutù. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣeé ṣe fún un láti pa màlúù ní Chicago, kí ẹran rẹ̀ sì dé àwọn ìlú etí òkun láìbàjẹ́. Ẹni tí ó bá rí tòmátò tí ó ti jẹrà nínú apẹ̀rẹ̀ kí ó tó ti Òkè Ọya dé Mile 12 yóò mọ ohun tí a ń pàdánù.

Ẹlòmíràn lè wí pé, “Bí ojú irin bá ti wà, kẹ̀kẹ́ yóò wá fúnra rẹ̀.” Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ojú irin Èkó so pọ̀ mọ́ Kano ní 1912, òwú ni àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ń retí láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ wo iye tí a ń san, ó sì gbin ẹ̀pà. Ẹ̀pà náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń to àpò rẹ̀ jọ bí òkè. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti rí àwòrán òkè ẹ̀pà Kano, a sì ń fi í yangàn títí di òní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún àwòrán náà wò. Àpò tí ń dúró de ọkọ̀ ni. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé ogun àgbáyé tí ó parí ní 1945, ẹ̀rọ àti kẹ̀kẹ́ tí yóò kó ẹ̀pà náà dé etí omi kò tó, ẹ̀pà sì ń dúró nínú oòrùn. Ohun tí a pè ní ògo, ẹ̀rí àìtó kẹ̀kẹ́ wà nínú rẹ̀.

Lónìí, ẹrù wa kì í dúró bí òkè mọ́. Títì ni ó gbà. Ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí ó ń ná wa. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2018, ọkọ̀ agbépo kan gbiná ní afárá Otedola ní ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ènìyàn 9 kú, ọkọ̀ tí ó jóná sì lé ní 50. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ní Majia ní ìpínlẹ̀ Jigawa, ọkọ̀ agbépo mìíràn dojú dé. Àwọn tí ó kú lé ní 100. A kò sọ pé epo tí ó wà lórí irin kò lè jó. Ohun tí a ń sọ ni pé kẹ̀kẹ́ alágbá kì í bá ọkọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ du ọ̀nà. Ọkọ̀ ojú irin kan tí ó fa kẹ̀kẹ́ pẹrẹsẹ 30, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ru kọ́ńtẹ́nà ńlá kan, ti mú tírélà 30 kúrò níwájú yín.

Àwọn kan yóò wí pé tírélà ń dé ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà, ọkọ̀ ojú irin kò lè dé ibẹ̀. Òtítọ́ ni. Nítorí náà ni a kò fi sọ pé kí a lé awakọ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Láti ibùdókọ̀ Mọníyà dé Dùgbẹ̀, awakọ̀ ni yóò gbé e. Láti Àpápá dé Mọníyà, kí irin gbé e. Àwọn mìíràn yóò sì rán wa létí pé ojú irin titun àti ti àtijọ́ kò bára mu. Òtítọ́ ni èyí náà. Àlàfo àárín irin méjèèjì ti àtijọ́ jẹ́ mìlímítà 1067. Ti titun jẹ́ 1435. Kẹ̀kẹ́ ti ọ̀kan kò lè gun èkejì, ẹrù tí yóò sì ti Èkó gba Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin ní láti pààrọ̀ ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ àpò ni a kó sínú kẹ̀kẹ́ olórùlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni alágbàṣe yóò máa rù ú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ kọ́ńtẹ́nà lórí kẹ̀kẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀rọ yóò gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan, yóò sì gbé e ka orí èkejì, láìṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ wò ó bí mímọ irú kẹ̀kẹ́ ti ń dá ọ̀nà sí ohun tí ó dàbí ògiri.

Ohun kan kù tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún àwọn oníṣòwò wa. Kẹ̀kẹ́ tí ó gbé ẹrù lọ tí ó sì padà lófìfo, owó ìpadàbọ̀ rẹ̀ wà lórí ẹrù tí ó gbé lọ. Kẹ̀kẹ́ alágbá tí ó gbé epo lọ kò lè gbé iṣu bọ̀; ẹ̀bi rẹ̀ kọ́, bí a ti ṣe é ni. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹ máa wá ẹrù àbọ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó lọ bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó mú ẹrù àlọ àti ẹrù àbọ̀ lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ ni a ń gbọ́.

Kí ni a wá ń bẹ̀ yín sí? Ẹ̀yin ìjòyè, nígbà tí àwọn aláṣẹ bá tún wá bá yín sọ̀rọ̀ ojú irin, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó parí sórí àwọ̀ ọkọ̀ èrò. Ẹ ka ẹrù ìlú yín fún wọn. Bí kòkó bá ni, ẹ béèrè olórùlé. Bí gẹdú bá ni, ẹ béèrè pẹrẹsẹ. Bí òkúta bá ni, ẹ béèrè alárọ. Ẹ béèrè iye rẹ̀, ẹ sì béèrè ẹ̀ka irin kúkúrú tí yóò wọ ọgbà ilé ìpamọ́ ẹrù yín. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ méjèèje. Bí ẹnìkan bá ní orúkọ tí ó dára ju tiwa lọ, kí ó kọ ọ́ sí Olóòtú. A kò ní bínú, a ó sì gbà á.

Orúkọ ni a fi ń pe ohun tí a fẹ́ kí ó wá. Ọ̀rọ̀ rere pọ̀ lẹ́nu àwọn tí ń bẹ̀ wá wò. Ẹ jẹ́ kí a fi ọgbọ́n Jékọ́bù dá wọn lóhùn: a gbọ́, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ẹrù dà?