Ta Ni Yóò Tún Un Ṣe?

Àwọn àgbà a máa wí pé ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ó wà nínú àpò ṣòkòtò. Àwa ọmọ Yorùbá tí a tẹ̀dó sí Tudun Wada kì í fẹ́ràn òwe náà tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé Sókótó tí wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ ọ̀nà jíjìn ni ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́ jẹun. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan ọkọ̀ rírà, àwa gan-an ni òwe náà ń bá wí. A ó fi ọdún púpọ̀ tọ́jú owó, a ó fi ránṣẹ́ sí àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n ní Èkó, ọkọ̀ tí ń dán gbinrin yóò sì dé. Kò ní pẹ́ tí a ó fi rí i pé kò sí ẹnì kan ní àdúgbò tí ó mọ ọkọ̀ náà.

Láàrin wa, ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wálé ni à ń sọ ní Tòkunbọ̀. Lónìí, jákèjádò Nàìjíríà ni wọ́n ń fi orúkọ náà pe ọkọ̀ tí àwọn ará òkè òkun ti lò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń gba Kútọnu wọlé kí ìjọba àpapọ̀ tó ka kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé léèwọ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2017. Ọmọ tí ń jẹ́ Tòkunbọ̀ ní òbí tí ó mọ ìṣe rẹ̀. Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ kò ní alágbàtọ́ níhìn-ín, àfi èyí tí a bá wá fún un.

Ẹ jẹ́ kí a wo Peugeot 504. Ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná, ọdún yẹn náà sì ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ ní Èkó. Kì í ṣe ẹwà nìkan ni ó sọ 504 di ààyò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn awakọ̀ èrò. Ọkọ̀ náà ga nílẹ̀, ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ kò díjú, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì wà lórí àtẹ láti Èkó títí dé ìhín. Bí ó bá dákú láàrin Yauri sí Kontagora, bakanike tí kò gbọ́ Yorùbá yóò ṣí i, yóò tún un ṣe, èrò yóò sì máa bá ọ̀nà Jẹ́bbà àti Ìlọrin lọ.

Ọkọ̀ òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni ó ń darí epo, iná àti gíà rẹ̀. Iná pupa kékeré kan yóò tàn níwájú awakọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò tí à ń kì bọ ọkọ̀ náà kò ní mọ ohun tí ó ń ṣe é. Mẹkáníìkì yóò wá máa méfò: yóò yọ èyí, yóò pààrọ̀ ìyẹn, owó olówó ni yóò sì máa bá a lọ. Ẹ tún fi ooru Sókótó kún un, èyí tí í máa lé ní 40 lórí ìwọ̀n Sẹ́ńṣíọ̀sì nínú oṣù Igbe, àti eruku ọyẹ́ tí ń dí ojú asẹ́ afẹ́fẹ́ ẹ̀ńjìnnì.

Àwọn kan yóò wí pé ojú ti là ju kí a máa sọ̀rọ̀ 504 lọ. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Láti oṣù Èbìbí ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan tí kò tó igba náírà ní ilé epo tẹ́lẹ̀ fò lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò fẹ́ ọkọ̀ tí ń mu epo bí ẹni mu omi. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun kì í mu epo tó ti àtijọ́, wọ́n sì dára fún ẹ̀mí ẹni ju ti àtijọ́ lọ bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. N kò ní kí a padà sẹ́yìn. Ohun tí mo ń wí ni pé iye tí a ra ọkọ̀ kọ́ ni iye tí ó ná ni.

Nítorí náà, kí a tó fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́ sí Èkó, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tí ó wà ní òpópónà wa, kí a bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Irú ọkọ̀ yìí mélòó ni ó ti tún ṣe? Ṣé ẹ̀yà ara rẹ̀ wà ní ọjà Sókótó, tàbí Kano ni a ó ti máa ránṣẹ́ rà á? Bí iná pupa yẹn bá tàn, ẹ̀rọ wo ni yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò? Bí kò bá rí èsì gidi fọ̀ sí ọ̀kankan nínú wọn, kí a wá irú mìíràn, bí ó ti wù kí ẹwà ti àkọ́kọ́ pọ̀ tó. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. A mọ àjọ dá, a mọ aṣọ ẹgbẹ́ rà. Owó aṣọ ọdún kan péré lè ra ẹ̀rọ àyẹ̀wò kan fún mẹkáníìkì tí gbogbo wa ń lò, ìbáà ṣe Yorùbá tàbí Hausa. Ó sì lè rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan lọ kọ́ bí a ti ń lò ó ní Kàdúná tàbí ní Èkó. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, kí Iléyá tàbí Kérésìmesì tó dé, tí oníkálukú yóò kó ọmọ àti aya sínú ọkọ̀, tí yóò kọrí sí ọ̀nà ilé.