Ta ni yóò máa yan àwọn ọ́dítọ̀?

Lọ́dún 2008, SEC, àjọ tó ń mójú tó ọjà ìpín ìdókòwò, bu owó ìtanràn N20 mílíọ̀nù lé àwọn ọ́dítọ̀ Akintola Williams Deloitte, nítorí èrè tí kò sí tí wọ́n bù mọ́ ìwé-ìṣirò Cadbury. Owó kékeré nìyẹn jẹ́ lápò iléeṣẹ́ ńlá!

Òfin ọdún 2011 fi àjọ FRC rọ́pò NASB, ó sì fún un lágbára láti yẹ iṣẹ́ ọ́dítọ̀ wò. Àtúnṣe ọdún 2023 tún fa iléeṣẹ́ púpọ̀ sí i sábẹ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, iléeṣẹ́ tí wọ́n ń yẹ ìwé rẹ̀ wò náà ló ṣì ń sanwó fún ọ́dítọ̀. Ta ni yóò fẹ́ ṣẹ ẹni tó ń bọ́ ọ? Lójú tiwa, FRC fúnra rẹ̀ ló yẹ kó máa yan ọ́dítọ̀ fún iléeṣẹ́ tí ará ìlú ra ìpín rẹ̀.