Bí Ìjọba Bá Ní Ká Mú Sùúrù

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Kó tó di ọjọ́ kẹta, epo tí à ń ra lítà rẹ̀ ní nǹkan bí náírà 185 l'Ékòó ti di náírà 488. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìtùnú bẹ̀rẹ̀: ẹ mú sùúrù, oògùn kíkorò ni, ọ̀la á dára.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Babangida gbé ètò SAP kalẹ̀ ní 1986, wọ́n ní kò sí ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù Kínní 2012, Ààrẹ Goodluck Jonathan gbé epo láti náírà 65 sí 141, wọ́n ní nítorí ọ̀la ni. Tinúbú wà lára àwọn tó ta kò ó nígbà náà. Àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba sì dá a padà sí 97.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Kì í ṣe irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ní 2022, owó ìrànwọ́ yìí ju tírílíọ̀nù 4 náírà lọ, àwọn onífàyàwọ́ sì ń gbé epo olówó pọ́ọ́kú gba ẹnubodè kọjá. Ilé tó bá ń yáwó jẹun kò lè pẹ́ kó tó kan ìṣòro.

Ṣùgbọ́n bí bàbá bá ní kí ilé dín ẹran kù, àwo bàbá ni àwọn ọmọ á kọ́kọ́ wò. Nítorí náà, bí ẹ bá tún gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí rédíò, ẹ jẹ́ ká jọ bi ara wa ní ohun mẹ́ta nínú ilé. Ta ni ẹrù yìí kọ́kọ́ bọ́ lé lórí? Níbo ni owó tí wọ́n ní àwọn fi pamọ́ wà? Àmì wo la ó fi mọ̀ pé ọ̀la náà ti dé?

Oṣù Keje 2024 ni owó oṣù tó kéré jù tó kúrò ní náírà 30,000 di 70,000, ó lé lọ́dún kan lẹ́yìn tí epo ti gbówó lórí. Ìyá tó ń ta ata lọ́jà kò sì sí lára àwọn tó ń gbà á.

Sùúrù ni baba ìwà, a kò jiyàn. Àmọ́ ẹni tó bá ní ká mú sùúrù, kó dá ọjọ́ fún wa.